Ẹ Fẹ́ Ìsọjí? Ibi Tẹ́ Ẹ Ti Máa Bẹ̀rẹ̀ Rèé

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó má bàa di pé mo tan yín: kò sẹ́ni tó lè ṣètò ìsọjí, ìyẹn kí Ẹ̀mí Ọlọ́run tún sọ ọkàn àwọn èèyàn jí. Ẹ lè lẹ pósítà káàkiri, ẹ lè pe oníwàásù ńlá, ẹ lè kọ "Ìsọjí Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta" gàdàgbà sára bánà, ìpàdé lẹ ṣe yẹn, ó dẹ̀ lè dáa gan-an o, àmọ́ Jésù ti sọ ọ́ nínú Jòhánù 3 pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbi tó wù ú. Tiwa ò ju ká múra sílẹ̀ lọ, ìmúra ọ̀hún dẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹlòmíì á ní ṣé irú ẹ̀ ṣì lè ṣẹlẹ̀ láyé tá a wà yìí, tó jẹ́ pé orí fóònù ni gbogbo èèyàn ń gbé. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí fóònù ti gbòde. Ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2023, ní Yunifásítì Asbury ní Kentucky, Amẹ́ríkà, ìsìn àárọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe náà ni wọ́n ṣe, ẹni tó wàásù gan-an rò pé ìwàásù òun ò dáa rárá, làwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ bá jókòó, wọn ò lọ, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń kọrin, àwọn tó ti lọ tún ń padà wá, bó ṣe di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn, tí èrò ń wọ́ wá látòkèèrè.

Ó yá, ẹ mú bébà. Ẹ kọ orúkọ àwọn tẹ́ ẹ máa ń yà sọ́nà míì tẹ́ ẹ bá ti rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, owó tẹ́ ẹ jẹ tẹ́ ẹ wá dákẹ́ lé lórí, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lẹ́yìn ẹnì kan tó dẹ̀ ti dé etí ẹ̀. Bébà yẹn ṣe pàtàkì ju ààwẹ̀ lọ lójú tèmi, torí Mátíù 5 ní ká fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ká kọ́kọ́ lọ bá ará wa làjà. Tó bá wá dórí ká pe èèyàn, ẹ má jẹ́ kó gùn. Irú báyìí ti tó: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, owó yín tó wà lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, ńṣe ni mo kàn ń sá fún yín. Màá fi ìdajì ránṣẹ́ lónìí, màá san ìyókù tóṣù bá parí." Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Tẹ́ ẹ bá ti sọ "ẹ má bínú, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ…", ìjà tuntun lẹ dá sílẹ̀ yẹn. Tí wọn ò bá dẹ̀ gbà, ẹ ti ṣe tiyín. Nǹkan kan ṣá o, ẹni tí wọ́n fìyà jẹ tàbí tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe, kẹ́nikẹ́ni má fipá mú un lọ bá ẹni tó ṣe é ní ibi nítorí pé a fẹ́ ìsọjí, ìyẹn kì í ṣe ìlàjà.

Àwọn ará Moravia, ìyẹn ẹgbẹ́ Kristẹni kan tó wà ní Herrnhut ní Jámánì, ìjà ló fẹ́ tú wọn ká. Zinzendorf tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn bí wọ́n ṣe máa bára wọn gbé, oṣù karùn-ún 1727 nìyẹn. Ìgbà tó di oṣù kẹjọ ni Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé wọn nídìí oúnjẹ Olúwa. Àdéhùn ló ṣáájú o.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ dẹ̀ sọ fún pásítọ̀ yín kó má lọ dà bíi pé ẹ fẹ́ dá ìjọ míì sílẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan àti aago kan, ẹ má yí i. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeremiah Lanphier pe ìpàdé àdúrà ọ̀sán ní Fulton Street ní New York, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1857, òun nìkan ló wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, káwọn èèyàn tó máa rọ́ díẹ̀díẹ̀ wọlé, wọ́n jẹ́ mẹ́fà lápapọ̀. Kó tó pé ọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gbàdúrà lójoojúmọ́ nílùú yẹn. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá dá nìkan débẹ̀, ẹ jókòó kí àkókò pé.

Òfin tí wọ́n lò ní Fulton Street ṣì wúlò dáadáa: kí àdúrà ẹnì kan má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wọ́n máa lu agogo fẹ́ni tó bá kọjá ẹ̀, kò dẹ̀ sí àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ ìsìn. Gbogbo wa la mọ arákùnrin tó máa ń fi àdúrà wàásù fún wa, agogo la nílò! Ẹ ka ibì kan kúkúrú nínú Bíbélì, bíi Sáàmù 85, kẹ́ ẹ gbàdúrà lórí ohun tẹ́ ẹ kà. Tẹ́ ẹ bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ pín wákàtí mọ́ra yín lọ́wọ́ bíi ti Herrnhut, ọkùnrin 24 àti obìnrin 24 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbà á láìdáwọ́ dúró, àdúrà yẹn dẹ̀ lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ààwẹ̀ náà dáa, àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn kó kọ́kọ́ bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìgbà tó bá sú yín lẹ máa mọ̀ bóyá ẹ gbà á gbọ́. Peggy àti Christine Smith, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, lábúlé Barvas ní erékùṣù Lewis ní Scotland, Peggy ti lé lọ́gọ́rin, kò ríran, làkúègbé ti tẹ àbúrò ẹ̀ kò. Wọn ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, inú ilé ni wọ́n ti ń gbàdúrà lóru. Wọ́n ránṣẹ́ sí àlùfáà wọn pé kóun náà kó àwọn alàgbà jọ, ni wọ́n bá ń gbàdúrà nínú abà kan, títí díákónì kan fi ka Sáàmù 24 lóru ọjọ́ kan, tó wá ń béèrè pé ṣé ọwọ́ tòun gan-an mọ́. Ọdún 1949 nìyẹn, ìsọjí tó sọ Lewis di ìlú mọ̀ọ́ká nìyẹn.

Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi fóònù sápò, ẹni tó ń sunkún ìrònúpìwàdà ò pe yín wá ya fídíò. Ẹ má gbé máìkì fún gbajúmọ̀ torí pé ó jẹ́ gbajúmọ̀, Asbury náà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ariwo wọ̀n ọ́n, ẹ wò ó bóyá àwọn èèyàn ń san gbèsè, bóyá tọkọtaya ń bára wọn sọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù, ẹ fà á lé ẹnì kan pàtó lọ́wọ́, kí wọ́n jọ máa ka Máàkù, orí kan lójúmọ́, orí 16 péré ni. Ẹni tẹ́ ẹ fà á lé lọ́wọ́ ò dẹ̀ gbọdọ̀ dárúkọ ìdámẹ́wàá fún un kí wọ́n tó kà á tán.