Ẹ Má Tíì Dìde: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Wo Àwọn Àgbà Gọ́ọ̀fù

Owó ń bọ́ dànù lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì ń dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní gọ́ọ̀fù ní Adó-Èkìtì, ó pẹ́ tó yá, ẹnì kan á pè mí pé òun ti ra nǹkan, kí n wá bá òun wò ó bóyá ó dáa. Wọ́n á ti rà á tán kí wọ́n tó béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, ìdajì rẹ̀ láti ràn yín lọ́wọ́, ìdajì tó kù kí inú mi lè fúyẹ́.

Àwọn àgbà tí mò ń wí ni àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ṣì ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, pàápàá àwọn tó wà ní PGA Tour Champions ní Amẹ́ríkà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1980. Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí páà jẹ́ o. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó bi ẹni tó jókòó tì í.

Èkíní: sísan owó dẹ̀kódà láìbèèrè àkókò. Ẹ̀gbọ́n kan ní Basiri san owó ọdún kan gbáko torí àwọn bàbá wọ̀nyí. Wọ́n tan tẹlifíṣàn ní Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọn ò rí ẹnikẹ́ni, ni wọ́n bá ní wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì. Jìbìtì wo? Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ìdíje wọn máa ń gbà, láti Ẹtì sí Àìkú, ihò 54 lápapọ̀. Àwọn ife ńlá wọn, irú US Senior Open, ló ń gba ọjọ́ mẹ́rin àti ihò 72. Nígbà ooru ní Amẹ́ríkà, tí aago méjì ọ̀sán bá lù ní New York, aago méje alẹ́ ti lù ní Adó. Ẹ mọ àkókò, kẹ́ ẹ ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sanwó.

Èkejì: dráífà olówó ńlá, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù jìnnà. Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá lórí èyí kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru. Ẹ rí bàbá kan tó gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ ti lọ ra dráífà. Níbo lẹ fẹ́ gbá a sí? Ṣé lórí Òkè Ayọ̀ba ni, kó lọ fọ́ fèrèsé Gómìnà? Ohun tí àwọn àgbà fi ń jẹun kò jìnnà sí ihò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn yí bọ́ọ̀lù ká, bí wọ́n ṣe ń lóṣòó wo ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kúrò nínú iyanrìn láìkánjú. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an, láti ìgbà tí ikùn mi ti ń ṣíwájú mi dé pápá ni dráífà mi ti ń gbá bọ́ọ̀lù wọnú igbó.

Ẹ̀kẹta: tẹ́tẹ́. Àbúrò kan ní Ajílosùn kó owó àtúnṣe ọ̀kadà rẹ̀ lé ẹlòmíì lórí ní oṣù Kọkànlá 2024 torí ó dá a lójú pé Bernhard Langer ti tán. "Kóòṣì, bàbá ẹni ọdún 67, tí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já lọ́dún yìí náà, kí ló tún fẹ́ gbá?" Iṣan náà já lóòótọ́, ní oṣù Kejì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé Phoenix fún ìdíje tó kẹ́yìn ọdún, ọmọ Jámánì yìí gbá bọ́ọ̀lù láti nǹkan bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà wọnú ihò ìkẹyìn, ó fi ìgbá ẹyọ kan ṣoṣo borí (ẹni tí ìgbá rẹ̀ kéré jù ló ń borí nínú gọ́ọ̀fù). Ìgbà 47 tó ń borí láàárín àwọn àgbà nìyẹn, kò sí ẹlòmíì tó ní tó bẹ́ẹ̀. Hale Irwin tó ní 45 ló wà nípò yẹn tẹ́lẹ̀. Irwin yìí kan náà ló kojú Langer ní Kiawah Island lọ́dún 1991, nígbà tí bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ mẹ́fà kan kọ̀ tí kò wọlé fún Langer, tí ife Ryder Cup, tí ikọ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù jọ ń dù, fi bọ́ mọ́ Yúróòpù lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Langer gba ife German Masters. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn kò ní fi owó ọ̀kadà ta tẹ́tẹ́ lórí pé ó ti tán.

Ẹ̀kẹrin, fún àwọn tó bá fẹ́ fojú ara wọn rí i. Àwa ará Adó máa ń gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọ̀kọ kọjá lọ sí pápá MicCom ní Àdà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ má wọ bàtà gogoro. Ẹ má sáré. Ẹ má dúró síbi tí òjìji yín á ti bọ́ sójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù.

Kẹ́ ẹ sì pa fóònù. Ní pápá kan tí mi ò ní dárúkọ, bàbá àgbà kan tẹ orí ba láti gbá bọ́ọ̀lù wọn, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ sí ihò, gbogbo wa mí kanlẹ̀. Ni fóònù ọ̀gbẹ́ni tí mo mú wá bá kígbe, fújì olóhùn gooro. Bàbá náà nàró. Wọ́n fi owó wẹ́wẹ́ sàmì sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, wọ́n mú un, wọ́n fi aṣọ ìnura nù ún, wọ́n sì jó ẹsẹ̀ méjì sí fújì náà. Lẹ́yìn náà wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà sáyè rẹ̀, wọ́n gbá a. Ó fi etí ihò kọjá. Bàbá ṣí fìlà fún ẹni tó ni fóònù, wọ́n ní, "Ẹ bá mi kí ẹni tó pè yín." Ọ̀gbẹ́ni wa ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mò ń làágùn.

Èyí tó kàn gan-an ni mo torí ẹ̀ mú bírò: àwọn tó máa ń dìde tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn bá ti wọ ihò. Wọ́n á na ara, wọ́n á ní "Ó ti parí," ọwọ́ wọn á ti kan rìmóòtù. Kí ló parí? Ìgbà yẹn ni àwọn àgbà ń ṣí fìlà, tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí ẹni tó pàdánù ń sọ nǹkan létí ẹni tó borí tí àwọn méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń lọ jókòó ti tábìlì. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí ẹ jọ ń gbá a ló ń kọ káàdì tìẹ, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ iye ìgbá sí, ìwọ lò ń kọ tirẹ̀. Wàá yẹ tìẹ wò ní ihò kọ̀ọ̀kan kó o tó fọwọ́ sí i. Tó o bá fọwọ́ sí iye tó dín sí ohun tó o gbá, wọ́n á lé ẹ. Tó bá lé, o ti ru ú nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ti Roberto De Vicenzo, ọmọ Argentina. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1968 ni, ní Masters, ìdíje ńlá tí wọ́n máa ń gbá ní Augusta ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tó pé ọdún 45 gééré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò kẹtàdínlógún, gbogbo ayé rí i. Tommy Aaron tó ń kọ káàdì rẹ̀ kọ mẹ́rin. De Vicenzo kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó fọwọ́ sí i. 65 ló gbá lọ́jọ́ yẹn, 66 ni wọ́n kà fún un. Ì bá bá Bob Goalby dọ́gba kí wọ́n tún un gbá lọ́jọ́ kejì, àmọ́ Goalby fi ẹyọ kan yẹn gba ife lọ.

Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ nílé, ńṣe làwọn ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ bú sí ariwo. "Ṣebí tẹlifíṣàn gbé e!" "Kí wọ́n lọ wo VAR!" Ọ̀kan ní tó bá jẹ́ òun ni, Augusta ò ní rójú lọ́jọ́ náà. De Vicenzo kò bá Aaron jà, kò pe lọ́yà, ara rẹ̀ ló pè ní òmùgọ̀. Lọ́dún 1970, ẹgbẹ́ tó ń darí gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Bob Jones, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá hùwà ọmọlúàbí lórí pápá. Kò tán síbẹ̀ o. Ní 1979, òun àti Julius Boros kojú Tommy Bolt àti Art Wall nínú Legends of Golf, ìdíje àwọn àgbà. Wọ́n dọ́gba, ó di ihò mẹ́fà míì kí wọ́n tó yanjú ẹ̀. Àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣàn gbádùn rẹ̀ débi pé ó wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n dá ìdíje àwọn àgbà sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. US Senior Open àkọ́kọ́, 1980, ní Winged Foot, ta ló gbà á? De Vicenzo, ẹni ọdún 57. Aaron náà, nígbà tó ń gba Masters ní 1973, rí i pé Johnny Miller ti fi ẹyọ kan kún ihò kan lórí káàdì òun, ó sì ní kó tún un ṣe kóun tó fọwọ́ sí i. Gbogbo èyí ni ẹni tó ti pa tẹlifíṣàn kò mọ̀ pé ó wà.

Nǹkan míì (mo ti sọ iye tí mo kà nù): pípariwo "Wọ́n ti tà á!" Mo fi Ryder Cup 1969 han àwọn kan. Jack Nicklaus ti Amẹ́ríkà gbá tirẹ̀ wọlé ní ihò ìkẹyìn, ó sì mú àmì bọ́ọ̀lù Tony Jacklin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kojú rẹ̀, kúrò nílẹ̀, ó fún un ní ìgbá kékeré tó ṣẹ́ kù láìjẹ́ kó gbá a. 16 sí 16, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n á dọ́gba. "Èló ni wọ́n fún un?" lohun tí wọ́n ń bi mí. Sam Snead tó jẹ́ olórí ikọ̀ Amẹ́ríkà pàápàá kò dùn sí i, àmọ́ kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀.

Àti àwọn tó ń sọ pé eré òyìnbó ni, kò kàn wá. Lee Elder, ọmọ Amẹ́ríkà, gba Nigerian Open ní Èkó lọ́dún 1971, ọdún mẹ́rin kó tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá Masters. Ìgbà mẹ́jọ ló tún borí láàárín àwọn àgbà. Ní 2021 wọ́n pè é wá sí Augusta láti bá Nicklaus àti Gary Player ṣí ìdíje. Ara rẹ̀ kò le débi tí á fi gbá bọ́ọ̀lù mọ́, àmọ́ ó dìde dá àwọn èèyàn lóhùn. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún náà.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa wo US Senior Open nílé mi, kó mú epo jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ dání. Iyán máa wà, àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ sí káàdì la máa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀, kó wò ó nílé tirẹ̀.