Oúnjẹ fún ẹni tó ń ṣeré ìdárayá l'Ákùúrẹ́

Iyán ò burú fún ẹni tó ń sáré; àsìkò tí wọ́n jẹ ẹ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gun Òkè Ìdànrè ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ jẹun tó wúwo tán kó tó di aago méje. Oúnjẹ tí kò tíì dà máa ń ru inú sókè lójú ọ̀nà. Bó bá ku wákàtí kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì ti tó.

Purotéènì, èròjà inú oúnjẹ tó ń tún iṣan ara ṣe, ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹni tó wọn kílò 60 tó ń ṣeré déédéé nílò bíi gíráàmù 72 sí 96 lójúmọ́. Ẹyin kan ò ju bíi gíráàmù 6 lọ, ká má wá sọ ẹran kékeré orí iyán! Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin pín in sí àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́.

Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Fún kílò kan tó bá dín, ẹ mu omi lítà kan àtààbọ̀, ìyẹn omi inú ọ̀rá oní 50cl mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan.