Aṣọ tí ẹ máa dì fún ọmọ kékeré tí ẹ bá ń lọ kúrúùsì Alaska

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ, mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti gbọ́ kúrúùsì Alaska, ìyẹn ìrìn àjò afẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá, yìnyín ló máa kọ́kọ́ sọ síi yín lọ́kàn, ẹ ó wá sáré lọ ra kóòtù ńlá tó wú bí ìrọ̀rí fún ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Láti oṣù kẹfà dé ìkẹjọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ, òtútù kọ́ ló ń dá ọmọ lóró níbẹ̀, omi ni. Lọ́sàn-án ó sábà máa ń wà láàárín dígírì 10 sí 18 Celsius, ẹni tó bá ń gbé London tàbí Chicago ti rí òtútù tó ju ìyẹn lọ dáadáa, àmọ́ òjò ibẹ̀ lè máa rọ̀ wínníwínní láti àárọ̀ dalẹ́, kí atẹ́gùn òkun tún máa fẹ́ lu ara tó ti tutù. Ọmọ tí ara ẹ̀ gbẹ, tó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lé ara wọn, á máa ṣeré ẹ̀ lọ ni. Èyí tó wọ kóòtù ńlá tí omi ti wọ̀, ẹkún ló máa sun.

Ketchikan, ìlú èbúté kan ní Alaska, ni ojú mi ti là. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó ń gbéra láti Seattle tàbí Vancouver ló máa ń dúró níbẹ̀, òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún sì tó nǹkan bíi 3,800 mílímítà, ó ju ìlọ́po méjì òjò Èkó lọ, wọ́n tiẹ̀ gbé òṣùwọ̀n òjò gàgàrà kan sí etí èbúté kí àlejò lè máa wò ó. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn. Mo wọ jíìnsì fún un, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì òwú àti súwẹ́tà òwú, mo fi jákẹ́ẹ̀tì lé e, mo sì rò pé mo ti ṣe é dáadáa. A ò tíì rìn tó ogójì ìṣẹ́jú tí jíìnsì yẹn fi fa omi láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún. Nígbà tí a padà dé yàrá tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti funfun, ó hun jọ bí ọwọ́ ẹni tó ti ń fọṣọ láti àárọ̀, ó wá ń wò mí, ó ní, "Mọ́mì, mi ò mọ̀ pé mo ní ìka ẹsẹ̀ mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí èmi ni mo di ẹrù. Jíìnsì yẹn ò sì gbẹ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, gbogbo aṣọ òwú tí wọ́n máa wọ jáde, ẹ fi í sílé. Òwú máa ń fa omi mọ́ra bí fóòmù ni, tó bá ti tutù tán kò lè mú ara móoru mọ́. Èyí tó dáa ni irun àgùntàn, àbí pọlisítà, wọ́n tètè máa ń gbẹ, irun àgùntàn tiẹ̀ ṣì máa ń móoru díẹ̀ tó bá tutù. Ẹ wọ èyí tó lẹ̀ mọ́ ara sínú, àtòkè àtìsàlẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta péré ti tó ọmọ kan fún ọjọ́ méje tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Ẹ wọ fleece, aṣọ múlọ́múlọ́ tó fúyẹ́ tó sì ń móoru, lé e, méjì ti tó. Lẹ́yìn náà ni kóòtù òjò, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ náwó sí gan-an nìyẹn.

Kóòtù òjò tí mo ń sọ yìí, ẹ wo ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ nínú, ó yẹ kí wọ́n ti fi téèpù lẹ ojú rírán yẹn pa, torí ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Ẹ ra èyí tó fi sáìsì kan tóbi kí fleece lè wọ abẹ́ ẹ̀. Tí ẹ bá rà á tán, ẹ fi tíṣù sínú apá ẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ ṣáwà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí tíṣù bá tutù ẹ dá a padà kíá.

Bàtà òjò náà, kò gbọ̀dọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ wa máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì fún ọmọ nínú bàtà tó ti ṣe wẹ́kú, ẹsẹ̀ á wá tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí kò sáyè fún atẹ́gùn tó móoru. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn kan, kí ìka yín kan sì lè wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ní kí ẹ dì lọ rẹpẹtẹ o. Ìbọ̀wọ́ tí omi ò lè wọ̀, méjì-méjì, èyí tí kò ní ìka ló rọrùn fún ọmọ ọdún méjì. Fìlà tó bo etí. Agboòrùn, ẹ má wulẹ̀ gbé e, ọwọ́ mélòó lẹ ní?

Tí ẹ bá ń jáde, ẹ di odindi aṣọ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú náílọ́ọ̀nù onísíìpù, pátá, ìbọ̀sẹ̀, gbogbo ẹ̀, kí ẹ tún mú náílọ́ọ̀nù òfìfo fún èyí tó tutù. Ní Juneau, olú ìlú Alaska, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi máa ń gbé èèyàn lọ wo àbùùbùtán, atẹ́gùn orí omi yẹn kò mọ ọmọdé.

Glacier Bay, ibi tí yìnyín ńlá ti kan òkun, ló tutù jù fún wa. Ọkọ̀ kì í gúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa wà nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, gbogbo èèyàn á sì fẹ́ dúró lórí dẹ́ẹ̀kì kí wọ́n lè rí yìnyín tó ń ya lulẹ̀, tí ìró ẹ̀ dà bí àrá. Atẹ́gùn tó ń ti orí yìnyín bọ̀ yẹn le gan-an. Ọmọ mi kékeré, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, mo kúkú pọ̀n ọ́n, mo so ọjá, mo wá wọ kóòtù òjò ọkọ mi lé àwa méjèèjì lórí, orí ẹ̀ nìkan ló yọ. Ó sùn fọnfọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé ọjá.

Inú ọkọ̀ móoru, ibẹ̀ lẹ ti lè wọ òwú yín, àǹkárá kan fún fọ́tò alẹ́ náà ò burú. Ẹ mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, àmọ́ ọmọ tó ṣì ń lo pámpásì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í jẹ́ kó wọ omi ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá. Pámpásì yẹn, ẹ dì í tó, kó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àpótí lè má dé yàrá títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí kóòtù òjò àti aṣọ ìpààrọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́.

Ní ti gbígbẹ: irin ni ògiri yàrá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìkọ́ mágínẹ́ẹ̀tì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ mú bíi mẹ́fà. Aṣọ tí ẹ bá fọ̀, ẹ ká a mọ́ táwẹ́ẹ̀lì, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sá a, á ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọkọ̀ kan ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, àwọn kan ò ní, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó lọ. Áyọ́ọ̀nù ẹ má gbé, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tó ti àpótí pa, ẹ wọ gbogbo ẹ̀ fún wọn nílé lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tẹ̀ ba, kí wọ́n nawọ́ sókè, kí wọ́n gun àtẹ̀gùn. Kóòtù òjò alápapọ̀, tó jẹ́ ẹyọ kan látọrùn dé ẹsẹ̀, dáa gan fún èyí tó ṣì ń lo pámpásì, ṣùgbọ́n èyí tó ti ń lọ sílé ìtọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ ra ṣòkòtò àti jákẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n lójú títì ìlú Skagway, ẹ ò ní ráyè bọ́ gbogbo ìyẹn.