Máàpù Tí Wọ́n Gé Etí Rẹ̀: Bí Mo Ṣe Parí Ẹ̀kọ́ Ìdarí Orí Òkè

Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbàwọlé mi pé ẹ̀kọ́ náà yóò ná mi kò tó ìdajì ohun tí ó jáde lápò mi kí n tó parí rẹ̀. Ohun tí ó sì bí mi nínú jù ni pé kì í ṣe okùn, àgọ́ tàbí bàtà òkè ni ó jẹ owó náà, bí kò ṣe bébà kan ṣoṣo tí ẹ̀ka wa fi lé wa lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń darí àwọn ènìyàn lórí òkè àti nínú igbó ni mo ń sọ, èyí tí yunifásítì wa níhìn-ín ní ìhà Àríwá fi kún ẹ̀kọ́ eré ìdárayá. Àwọn ará ilé mi ní Kubwa kò yé bi mí léèrè bóyá tìtorí àtigun òkè ni mo ṣe fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, ìtọ́jú pàjáwìrì àti dídi okùn kò gba àlàyé. Ẹni tí ó bá ń lọ sí kíláàsì déédéé yóò yege nínú wọn. Inú iṣẹ́ àṣekágbá ni wàhálà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò kó àwọn ọmọ ọdún kìíní lọ sí àwọn òkè Shere lẹ́bàá Jos, níbi tí góńgó tí ó ga jù ti ga tó nǹkan bí 1,829 mítà lókè ìtẹ́jú òkun; yóò darí wọn gòkè, yóò sùn níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, yóò sì kó wọn sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tí ó farapa. Ibẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè ti Citizenship and Leadership Training Centre wà, nítorí náà n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ibi tí wọ́n yàn.

Kí ènìyàn tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ètò ìrìn: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ ó sùn, nọ́ńbà tí ó tọ́ka sí ibi kọ̀ọ̀kan lórí máàpù, wákàtí tí ìpele kọ̀ọ̀kan yóò gbà, àti ọ̀nà tí ẹ ó gbà sọ̀ kalẹ̀ bí òjò tàbí àìsàn bá ká yín mọ́ òkè. Fún ti wákàtí, ìlànà Naismith, ará Skọ́tíláǹdì, láti ọdún 1892 ni a ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tí a bá gùn. Mo fi díẹ̀ lé e nítorí àwọn ọmọ tí kò gbé ẹrù gòkè rí, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ mi dára.

Wọ́n dá a padà. Olùkọ́ fi bírò pupa yí ibùdó mi ká, ó ní, “Ṣé inú ọ̀gbun ni o fẹ́ kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ sùn ni?” Bẹ́ẹ̀ mo ti lọ wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú náà, mo sì ti fi fóònù gba nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi nọ́ńbà náà wá ibẹ̀ lórí máàpù tí ẹ̀ka fún wa, inú ọ̀gbun ni ó bọ́ sí lóòótọ́. Mo tún gba ọ̀nà Keffi àti Akwanga, mo gun òkè ojú ọ̀nà Jos tí wọ́n ń pè ní Hawan Kibo, mo padà sí orí òkè Shere náà. Nọ́ńbà kan náà ni fóònù fún mi. Mo kọ ọ́ padà síbẹ̀, wọ́n sì tún dá a padà.

Owó ń lọ ní gbogbo àkókò yìí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí mo ti sanwó àsansílẹ̀ fún ní òun ti kọ iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ nítorí mi, kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Búrẹ́dì tí mo ti rà fún àwọn ọmọ bu. Ẹ̀ka ní kí n san owó àyẹ̀wò ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé èmi ni mo ya máàpù.

Bàbá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sọ́féyọ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó gbà mí. Mo kí i, mo tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo òkè kankan níbẹ̀. Etí bébà ni ó ń fi ìka tọ̀ kiri.

“Ọmọ mi, ìsàlẹ̀ máàpù yìí dà?”

“Bí wọ́n ṣe fún wa nìyẹn, sà.”

Ẹni tí ó ṣe fọ́tòkọ́pì ti gé gbogbo etí rẹ̀ kúrò kí ó lè bá bébà ẹ̀rọ mu. Bàbá wọ yàrá lọ, wọ́n mú odindi máàpù tiwọn jáde láti inú páìpù páálí, wọ́n sì fi gíláàsì wọn tọ́ka sí àwọn lẹ́tà kéékèèké tí ó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn máàpù àtijọ́ tí ìjọba yà sí ìwọ̀n 1:50,000 (mìlímítà kan lórí bébà jẹ́ àádọ́ta mítà lórí ilẹ̀) bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn láti orí àmì kan tí ń jẹ́ L40 ní Minna, lórí ìṣirò bí ayé ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe rí tí Clarke ṣe ní 1880, ṣùgbọ́n WGS 84, ìwọ̀n ayé mìíràn tí GPS ń lò, ni fóònù ń lò. Òkúta kan náà yóò gba nọ́ńbà méjì, ìyàtọ̀ àárín wọn yóò sì lé ní ọgọ́rùn-ún mítà. Lórí bébà, mìlímítà méjì àti díẹ̀ péré ni. Lórí àwọn òkè Shere, ó tó láti gbé ènìyàn kúrò lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ sínú ọ̀gbun. Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n yí i sí Minna nínú ètò rẹ̀, wọ́n fi pẹ́ńsù tẹ nọ́ńbà tuntun náà lé máàpù. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni ó bọ́ sí. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi: Minna tí kò jìnnà sí wa rárá, kò sí olùkọ́ kan tí ó dárúkọ rẹ̀ fún wa nínú kíláàsì.

Mo tún ìwé kọ, mo sì fi gbólóhùn kan sí òkè rẹ̀ pé ìwọ̀n Minna ni gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀. Olùkọ́ kà á, ó bu ọwọ́ lù ú, ó ní, “Ó dára.” Ó tán síbẹ̀. Nígbà tí a lọ, ọyẹ́ bo góńgó òkè pátápátá, n kò rí ohun tí mo fi ń ṣe àmì, ṣùgbọ́n pẹ̀lú kọ́ńpáàsì àti àwọn nọ́ńbà yẹn, ibùdó ni mo kó àwọn ọmọ náà dé láìyà síbì kan. Máàkì mi wà lára èyí tí ó ga jù ní kíláàsì wa, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é, kí ó fi owó ara rẹ̀ ra odindi máàpù lọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ ìjọba; ti agbègbè Jos ń jẹ́ Naraguta, nọ́ńbà rẹ̀ ni 168. Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi kọ gíga ilẹ̀ sórí àwọn ti àtijọ́, ẹ sọ ọ́ di mítà kí ẹ tó lo ìlànà Naismith. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bu ọwọ́ lu ìwé. Kí ẹ tó gbà fóònù yín gbọ́, ẹ kọ́kọ́ dúró sí ibì kan tí ẹ rí kedere lórí máàpù, bíi oríta tàbí afárá, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà méjèèjì bá ara wọn mu.