Bí A Ṣe Ń Tọ́pa Ọ̀rọ̀ Àṣìṣe Tó Ń Hàn Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì Tó Ti Pẹ́ Bá Kọ̀ Láti Gbéra

Nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́ bá kọ̀ láti gbéra, tó wá kọ ọ̀rọ̀ funfun sí ojú dúdú, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa á, wọ́n a tún tàn án, wọ́n a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi sú wọn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó hàn yẹn gan-an ló ń sọ ibi tí kọ̀ǹpútà bá iṣẹ́ dé kó tó dúró. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá mọ̀ ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ṣé motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́) fúnra rẹ̀ ni, àbí Windows tó wà lórí hard disk? Bí ẹ bá ti mọ èyí, ibi tí ẹ ó ti wá àìsàn náà yóò ti kéré gan-an.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìtanná, ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní BIOS, tó wà nínú ṣíìpù kan lórí motherboard, ló ń kọ́kọ́ jí. Irú ètò yìí ti wà láti ìgbà IBM PC tó jáde ní 1981, òun náà ló sì ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe kí UEFI, ètò tuntun tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tó gba ipò rẹ̀. BIOS a yẹ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wò lẹ́sẹẹsẹ: processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), RAM (mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́), káàdì àwòrán, kíbọ́ọ̀dù, títí dé orí àwọn hard disk. Àyẹ̀wò yìí ni POST. Bí ó bá yọrí sí rere, BIOS yóò wá disk tó lè gbé kọ̀ǹpútà dìde, yóò ka báìtì 512 tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò sì fa iṣẹ́ lé ohun tó bá níbẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá hàn ṣáájú àkókò yẹn, ti BIOS ni. Èyí tó bá hàn lẹ́yìn rẹ̀, láti orí disk ló ti wá.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe hàn, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bá wà nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ohun tí ẹ rò pé ó túmọ̀ sí, torí pé "NTLDR is missing" àti "Operating System not found" lè jọra létí, síbẹ̀ àtúnṣe wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ọ̀rọ̀ BIOS bá ń yára kọjá, ẹ tẹ Pause tó wà lápá ọ̀tún lókè kíbọ́ọ̀dù. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, yóò dá gbogbo rẹ̀ dúró sójú kan títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ojú búlúù ti Windows ni, tí kọ̀ǹpútà sì ń tún ara rẹ̀ tàn kí ẹ tó kà á, ẹ máa tẹ F8 léraléra kí àmì Windows tó jáde, kí ẹ sì yan "Disable automatic restart on system failure". Ìgbà yẹn ni yóò tó dúró dè yín.

Kí ẹ tó ṣí àpótí kọ̀ǹpútà, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ kù lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, nítorí iná tó máa ń kóra jọ sára ènìyàn láìmọ̀ lè ba RAM jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí àpótí ìpèsè iná tí wọ́n ń pè ní power supply rárá, torí pé iná tó lè ṣe ènìyàn léṣe gidigidi ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Bí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà wò kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó yọ RAM, tó pààrọ̀ wáyà, tó sì tún yí ètò BIOS padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní mọ èyí tó dá wàhálà tuntun sílẹ̀.

Nígbà mìíràn, kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan lójú. Ohùn pípípí nìkan ni ẹ ó gbọ́. Ọ̀nà tí BIOS fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tí kò bá lè kọ nǹkan síta. Ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ láti BIOS kan sí òmíràn: lórí BIOS Award, ohùn gígùn kan àti kúkúrú méjì máa ń tọ́ka sí káàdì àwòrán, nígbà tó jẹ́ pé ohùn mẹ́jọ ni BIOS AMI fi ń tọ́ka sí ohun kan náà. Ìwé ìtọ́sọ́nà motherboard yín ló yẹ kí ẹ gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́, ohun tó sábà ń fà á ni RAM tàbí káàdì tí kò jókòó dáadáa mọ́. Ẹ yọ RAM, ẹ fi írésà mímọ́ nu àwọn ìlà aláwọ̀ wúrà tó wà létí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ gbọn èérún írésà dànù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ padà títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi dún pa. Bí RAM bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Keyboard error or no keyboard present" kò ṣòro. Ẹ wò ó bóyá ohun kan wà lórí kíbọ́ọ̀dù tó ń tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ojúhò PS/2 (ihò róbótó ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà) aláwọ̀ elésè àlùkò ni ẹ fi í sí, kì í ṣe ti àwọ̀ ewé tó jẹ́ ti mouse. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yọ ọ́ tàbí kí ẹ tó fi í padà, nítorí wọn kò ṣe PS/2 fún yíyọ nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù USB ni, ẹ yá ti PS/2 lò fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wọ inú BIOS, kí ẹ sì tan ìlà tó ń jẹ́ "USB Legacy Support" tàbí "USB Keyboard Support".

Èyí tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ni ti bátìrì, nítorí pé nínú kọ̀ǹpútà tó ti lo ọdún púpọ̀, òun ló máa ń wà nídìí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé kò kan ara wọn. Àwọn ètò tí BIOS ń rántí, bíi ọjọ́, aago, disk tó yẹ kó kọ́kọ́ kà àti bó ṣe yẹ kó máa bá disk sọ̀rọ̀, wà nínú mẹ́mórì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CMOS, bátìrì pẹlẹbẹ kan ló sì ń fún un ní iná nígbà tí kọ̀ǹpútà kò bá sí lára iná. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, CR2032 oní volt 3 ni bátìrì yìí. Bí ó bá ti ń kú lọ, ẹ ó rí "CMOS battery low", "CMOS date/time not set" tàbí "CMOS checksum error – Defaults loaded", aago yóò sì ti padà sẹ́yìn sí ọ̀pọ̀ ọdún. Bí aago bá wà bẹ́ẹ̀, kódà bí Windows bá gbéra, àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ààbò kò ní ṣí, nítorí pé ọjọ́ inú ìwé ẹ̀rí wọn kò ní bá ti kọ̀ǹpútà mu.

Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń gbéra láàárín ìkìlọ̀ wọ̀nyí, ẹ wọ inú BIOS nípa títẹ Delete tàbí F2 bí ẹ bá ti tàn án, kí ẹ ya àwòrán gbogbo ojú ìwé ibẹ̀ kí ẹ tó yọ bátìrì, pàápàá jù lọ ibi tí wọ́n kọ "SATA Mode" tàbí "SATA Configuration" sí (SATA ni irú wáyà àti ojúhò tó so hard disk mọ́ motherboard). Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ wá bátìrì róbótó náà lórí motherboard. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa ń dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi èékánná tàbí ohun oníke tì í sẹ́yìn díẹ̀, bátìrì yóò sì ta sókè fúnra rẹ̀. Ẹ má fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wú u, nítorí ó lè yọ̀ kó sì ha motherboard lára. Ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + wà lókè, kí ẹ sì fi ti àtijọ́ pamọ́ kúrò níbi tí ọmọdé lè dé, torí pé bí ọmọdé bá gbé irú bátìrì yìí mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe, ẹ dá àwọn ètò inú àwòrán yín padà, kí ẹ sì tẹ F10 láti fi wọ́n pamọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kú tàbí tí ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀, BIOS yóò padà sí ètò tí wọ́n fi ṣe é, ètò yẹn sì lè sọ pé ọ̀nà AHCI ni kí motherboard fi bá hard disk sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà IDE ni wọ́n fi gbé Windows sórí rẹ̀ níjọ́ kìíní. Windows XP kò mọ AHCI bí wọn kò bá fi awakọ̀ rẹ̀ (driver, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà kan) sí i. Windows 7 mọ̀ ọ́n, àmọ́ kì í tan awakọ̀ náà bí ó bá jẹ́ IDE ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ojú búlúù tó ní "STOP: 0x0000007B" ni ẹ ó rí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé disk ti bàjẹ́, yóò sì pa gbogbo fáìlì rẹ́ láti gbé Windows tuntun síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo nínú BIOS ló yẹ kó yí padà. Bí nọ́ńbà yìí bá yọjú lẹ́yìn tí aago ti sọnù, ẹ yí "SATA Mode" sí èkejì, ẹ tẹ F10, kí ẹ sì wò ó. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà síbi tó wà. Kò ní ba fáìlì kankan jẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "Non-system disk or disk error", "Operating System not found" àti "Reboot and select proper boot device" ń sọ pé BIOS ti parí àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó lè gbé kọ̀ǹpútà dìde. Ẹ kọ́kọ́ yọ flash drive, CD àti floppy tó bá wà lára rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló ń kà. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ wọ inú BIOS kí ẹ wò ó bóyá orúkọ hard disk yín hàn níbẹ̀. Bí ó bá hàn, ẹ gbé e ṣíwájú nínú "Boot Order". Bí kò bá hàn, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹ yọ wáyà iná àti wáyà dátà ẹ̀yìn disk, ẹ fi wọ́n padà dáadáa, kí ẹ sì dán wáyà SATA mìíràn àti ojúhò mìíràn wò. Bí wáyà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ti IDE, èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú SATA, ni, ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ní ìlà pupa bá ihò àkọ́kọ́ mu, àti pé disk méjì tó bá wà lórí wáyà kan kò jẹ́ "Master" (disk àkọ́kọ́) pọ̀: ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ "Slave" (èkejì).

Bí ẹ bá rí "SMART Status Bad, Backup and Replace", tó ń sọ pé disk ti fẹ́ kú, tàbí tí disk náà ń dún kà, kà, kà léraléra, ẹ dá gbogbo àtúnṣe mìíràn dúró. Ẹ kó fáìlì yín kúrò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ lè fi CD Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti Windows) tan kọ̀ǹpútà náà kí ẹ sì da fáìlì sórí disk òde, tàbí kí ẹ yọ hard disk náà, kí ẹ fi adapter USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Àwọn tí ẹ kò lè rí tún gbà níbòmíràn ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, bí àwòrán ẹbí àti ìwé iṣẹ́, nítorí pé disk náà lè má fún yín láyè lẹ́ẹ̀kejì.

"NTLDR is missing" jẹ́ ti Windows 2000 àti XP, "BOOTMGR is missing" sì jẹ́ ti Vista àti 7. Bí kì í bá ṣe flash drive ló fà á, fún XP, ẹ fi CD rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ R láti wọ Recovery Console, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ àtúnṣe, kí ẹ sì lo àṣẹ "fixboot". Ẹ tún lè da fáìlì ntldr àti ntdetect.com padà láti inú fódà i386 tó wà lórí CD náà. Fún Vista àti 7, ẹ yan "Repair your computer" lórí DVD, kí ẹ jẹ́ kí "Startup Repair" ṣiṣẹ́, kódà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ó bá já sí pé ẹ ní láti gbé Windows mìíràn síbẹ̀, ẹ rántí pé àtìlẹ́yìn fún XP ti parí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014, ti Windows 7 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2020, nítorí náà Linux tó fúyẹ́ dára ju méjèèjì lọ fún kọ̀ǹpútà tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lórí ojú búlúù, 0x000000ED ń tọ́ka sí disk tí Windows kò lè ṣí. "Chkdsk /r", àṣẹ Windows tó ń yẹ disk wò, tí ẹ lè tẹ̀ nínú Recovery Console, sábà máa ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń ka gbogbo ara disk, ìdí nìyẹn tí fífi fáìlì pamọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, RAM ni kí ẹ fura sí. Ẹ fi Memtest86, ètò tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò di òwúrọ̀. Àṣìṣe ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí RAM bá yege, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sí motherboard kí ẹ wo àwọn capacitor, ìyẹn àwọn ohun róbótó tó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ processor. Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀pọ̀ motherboard tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ní capacitor tí kò dára, tí orí wọn máa ń wú tàbí kí omi aláwọ̀ ilẹ̀ máa ṣẹ́yọ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí irú èyí, kò sí ètò tàbí CD tó lè tún un ṣe: ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òjé jó capacitor tuntun sí i ni ẹ ó gbé e fún, tàbí kí ẹ yọ hard disk kúrò kí ẹ sì gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn.