Ẹ Má Fa Apá Màmá Yín Mọ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Mo Ń Rí Nílé Àwọn Tí Rọpárọsẹ̀ Kọ Lù

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn ríran aláìsàn lọ́wọ́ kó lè tún máa lo ara rẹ̀, ni mò ń ṣe, ilé àwọn aláìsàn ni mo sì máa ń lọ jù. Owó tí àwọn ọmọ ń ná sórí òbí tí rọpárọsẹ̀ dá wó máa ń dùn mí dọ́kàn, torí pé wọ́n ń fi tìfẹ́tìfẹ́ ná an síbi tí kò ní í wúlò.

1. Ẹ má ra ẹ̀rọ kí ẹ tó wá ẹni tó mọ iṣẹ́. Mo wọ ilé kan n'Íbàdàn, ẹ̀rọ tó ń gbọn ẹsẹ̀ wà ní pálọ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, wíìlíṣíà tuntun wà níbẹ̀. Bàbá fúnra wọn kò tíì mọ bí wọ́n á ṣe dìde jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ẹ gbọ́ o: ọpọlọ ló farapa, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ gbọn ẹsẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọpọlọ kò ní í torí ẹ̀ rántí bí a ṣe ń rìn. Aláìsàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣe é fúnra rẹ̀, léraléra, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sì ní fisió (oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì) lòun, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ Medical Rehabilitation Therapists Board, ìgbìmọ̀ tó ń fún wa ní àṣẹ iṣẹ́, hàn yín kí ẹ tó sanwó.

2. Ẹ má ní ẹ ń dúró kí ara wọn kọ́kọ́ le. Bí dókítà bá ti yọ̀ǹda, ẹ bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara sábà máa ń padà bọ̀ sípò kíákíá jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í parí síbẹ̀.

3. Apá. Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ.

Eegun itan jókòó sínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí bí ọmọ odó nínú odó. Ti èjìká kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò rẹ̀ kò jìn rárá, iṣan ló di eegun apá mú síbẹ̀. Bí rọpárọsẹ̀ bá ti mú kí iṣan wọ̀nyẹn rọ, ìwúwo apá nìkan tó láti máa fà á kúrò ní oríkèé díẹ̀díẹ̀. Orí èyí ni ọmọkùnrin alágbára kan á tún ti ki abíyá bàbá mọ́lẹ̀, á ní, "Ó yá, Bàbá, ẹ dìde," á sì fà wọ́n sókè!

Mo tọ́jú ìyá kan l'Ábẹ́òkúta tí ẹsẹ̀ wọn ti ń padà dáadáa, tí ìka wọn sì ti ń gbìyànjú àtidi nǹkan mú. Àwọn ẹbí lọ pe ẹnì kan tó ń wọ́ra. Ó fi ìpara gbígbóná ra apá náà, ó sì nà án kọjá orí. Látọjọ́ náà, bí mo bá ti súnmọ́ èjìká yẹn, màmá á lọgun. A kò lè ṣiṣẹ́ lórí ọwọ́ náà mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo ṣì ń bínú sí i.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò le, kò sì gbówó. Bí wọ́n bá jókòó, ẹ fi ìrọ̀rí tẹ́ apá náà, kó má rọ̀ dirodiro. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, ẹ so ọ̀já mọ́ wọn níbàdí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dì wọ́n mú. Ẹ dúró síhà tó rọ nígbà tí wọ́n bá ń rìn. Bí ẹ bá ń wọṣọ fún wọn, apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Bí ẹ bá ń bọ́ ọ, apá tí àìsàn kò mú ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ yéé fi bọ́ọ̀lù sí wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa fún un. Ọwọ́ tó ti ń ká kò, ṣíṣí ló nílò jù.

Omi gbígbóná ńkọ́? Awọ ara ìhà tó rọ lè má mọ ooru lára mọ́. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi tọ́ omi náà wò, kì í ṣe ọwọ́ wọn.

Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lórí ìdùbúlẹ̀. Bí omi bá ń mú wọn húkọ́ tàbí tó ń há wọn, ẹ tètè sọ fún dókítà, torí ó lè máa gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì bí wọn kò bá lè yí ara wọn, kí egbò má baà dá sí wọn nídìí.

Bí wọ́n bá ń sunkún láìnídìí, ẹ má bá wọn wí. Àìsàn náà lè fà á.

Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn òbí wọn jù ló tún ń ṣe èyí: wọ́n á yarun fún wọn, wọ́n á fi ṣíbí bọ́ wọn, wọ́n á bọ́ bàtà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí màmá yín yarun fúnra wọn! Bó bá gba ogún ìṣẹ́jú, ẹ jókòó tì wọ́n. Ìyarun yẹn gan-an ni fisió ọjọ́ náà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ẹ má dá a dúró torí pé wọ́n ti ń rìn, ẹ má sì fi àgbo rọ́pò rẹ̀, kí rọpárọsẹ̀ má baà tún kọ lù wọ́n. Àtúnṣe rọpárọsẹ̀ kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ti ku ti ọ̀sẹ̀ kan nínú páálí, ẹ lọ ra òmíràn.