Bí ẹ ṣe lè kọ orin ìlú yín tí àwọn àgbà á gbọ́ tí wọ́n á dìde jó

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé báyìí, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí àwọn ará Ìjẹ̀bú, ti ń kó aṣọ ọdún Ojúde Ọba lọ sọ́dọ̀ télọ̀, orin tí wọ́n máa fi wọlé náà ló kù tí wọ́n máa ń wá, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà kì í gbẹ́yìn tó bá ti di ọjọ́ ìlú yín. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú orin yìí, tí ẹ bá yọ orúkọ ìlú kúrò tí ẹ fi Àkúrẹ́ síbẹ̀, kò sí nǹkan tó máa yí padà. "Ìlú mi dára, ìlú mi dùn", ìlú wo ni kò dára lójú ọmọ ẹ̀? Ó yẹ kí nǹkan kan wà nínú orin yẹn tó jẹ́ pé ọmọ ìlú yín ló máa gbọ́ ọ tí orí ẹ̀ á wú.

Torí náà ẹ má tíì wá bíìtì rárá, àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wá ìyá àgbà kan nínú agbo ilé yín tó ṣì máa ń ki ọmọ láàárọ̀, ẹ mú nǹkan dání lọ kí wọn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tan rẹ́kọ́dà fóònù yín. Ẹ má sọ pé "Màmá, ẹ ka oríkì ìlú wa fún mi", torí ó lè má jáde bẹ́ẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n kí yín káàbọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, ẹ máa rí i pé oríkì á kàn máa tú jáde ni, ti ìlú, ti àdúgbò, ti bàbá ńlá yín tí ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Gbogbo ayé ló mọ "Ìjẹ̀bú ọmọ aláre". Ti agbo ilé yín yẹn gan-an ni orin ń wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ àdúgbò. Ìjẹ̀bú-Òde ní Ìwàdé, Pòrògùn àti Ìjàsí, Ìjẹ̀bú-Igbó ní Òjòwò, Òkè-Sopẹn, Òkè-Àgbò, Àtìkòrì àti Japara. Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ di Ṣàgámù ní 1872, Ọ̀fín àti Mákùn wà lára wọn, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí tí ẹ bá fo ẹyọ kan, àwọn ará ibẹ̀ ò ní jó, wọ́n sì tún máa sọ ọ́ fún yín lójú agbo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjòyè kan pé ta ló ń ṣáájú ta.

Oúnjẹ náà ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú orin. Àmọ́ kí ẹ má kàn pe "ìkọ́kọrẹ́" kí ẹ kọjá lọ o, ẹ jẹ́ kí a rí i: ewùrà tí wọ́n rin, tí ìyá ń fi ọwọ́ bù díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, tí ẹja gbígbẹ ń yọ orí láàárín ẹ̀. Lójú tèmi ìlà kan báyìí ju ogún "ìlú aláyọ̀" lọ. Rẹ́mọ ní ẹ̀bìrìpò tí wọ́n fi kókò ṣe, tí wọ́n pọ́n séwé, obì náà sì wà ńbẹ̀.

Ibi tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń bà á jẹ́ jù ni ohùn. Ẹ fi dò re mí wọn orúkọ ìlú yín kí ẹ tó gbé orin lé e. Ìjẹ̀bú jẹ́ dò dò mí, Rẹ́mọ jẹ́ mí re, Ṣàgámù jẹ́ dò mí dò. Tí orin yín bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi "bú", àgbàlagbà á gbọ́ ọ pé ẹ ń pe nǹkan míì. Ẹ lọ gbọ́ Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó papò dà ní 1983, ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo ló fi ṣe àpàlà ẹ̀, kò sáré, gbogbo ọ̀rọ̀ ń yọ ketekete. Ẹ gbọ́ wákà Batile Alake náà, ẹ̀yin ará Ìkẹ́nnẹ́ ẹ ní Adewale Ayuba olórin fújì tiyín. Ẹ wo bí ègbè wọn ṣe máa ń kúrú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbo á ti máa gbè é lẹ́ẹ̀kejì.

Tó bá kan ọba, oyè ni kí ẹ fi sínú ègbè, kí orúkọ wà nínú ẹsẹ̀ tí ẹ lè pààrọ̀. Kábíyèsí Adétọ̀nà gorí ìtẹ́ Awùjalẹ̀, oyè ọba Ìjẹ̀bú, ní 1960, wọ́n wàjà ní 2025, orin púpọ̀ ló wà tó jẹ́ pé orúkọ wọn ni ègbè ẹ̀, ó dáa láti fi rántí wọn, kò ṣe é kí ọba míì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ.

Orin Agẹmọ, òrìṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ má fọwọ́ kàn án láìbéèrè. Obìnrin ò gbọ́dọ̀ rí Agẹmọ, àwọn orin kan sì wà tí kì í ṣe ti gbangba, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ló mọ èyí tí ẹ lè mú.

Ẹ má sì pe ará Rẹ́mọ ní Ìjẹ̀bú kan ṣá nínú orin nítorí kí ìlà lè gún o, wọ́n ní Akárìgbò tiwọn, wọ́n ní ìtàn tiwọn.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́wọ́ lásán, ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kí wọ́n máa kọ́ ọ, kí ẹ gbé e padà lọ fún màmá tó ki yín lọ́jọ́sí. Ibi tí wọ́n bá ní ẹ ṣì pè, ẹ tún un kọ kí ẹ tó san owó stúdíò.